Láìnì káàdì, páténtì àti kòtẹ́milọ́rùn: ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Sango-Ọ̀tà mọ̀

Lẹ́yìn tábìlì agbàlejò ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilé ìtura tó wà ní Ọ̀tà àti Sango-Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àpótí kan sábà máa ń wà lára ògiri tí wáyà tín-ín-rín pọ̀ lára rẹ̀ bí irun tí a kò dì. PABX ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ni í so tẹlifóònù ọ̀gá mọ́ ti akọ̀wé, tí í sì so ti ẹnu géètì mọ́ ti ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Nínú àpótí yìí ni àwọn pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò bí ìwé sínú àpò, tí ẹ̀yà iná kéékèèké kún ara wọn. Láìnì káàdì ni orúkọ wọn. Bí àrá bá sán lóru, àwọn ni í sábà kọ́kọ́ jóná, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, oníṣẹ́ PABX ni wọn yóò ránṣẹ́ sí.

Oníṣẹ́ tó bá ti ń tú láìnì káàdì fún ọdún mẹ́wàá kì í pẹ́ tí yóò fi rí ibi tí ẹni tó ṣe é kù sí. Ó lè rí ọ̀nà tí káàdì náà yóò fi fara da àrá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó lè rí ọ̀nà tí iná tó ń jẹ yóò fi dín kù. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Ta ló ni ìhùmọ̀ náà, ṣé oníṣẹ́ ni tàbí ọ̀gá rẹ̀? Ṣé ó lè ṣe káàdì tí yóò wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ó sì máa tà á? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, tí adájọ́ sì dá a lẹ́bi, níbo ni yóò gbà? Àwọn ìbéèrè yìí ti dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rí nílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí láìnì káàdì gan-an, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ni ilé-iṣẹ́ kan náà fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Iṣẹ́ méje lórí pátákó kan

Tẹlifóònù onílé kì í ní bátìrì tirẹ̀. Láti ibùdó ìpè ni iná rẹ̀ ti ń wá, láìnì káàdì sì ni í fi í ránṣẹ́ sí orí wáyà bàbà méjì tó wọ inú ilé. Fóltì 48 ni iná náà, apá òdì ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, nítorí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti rí i tipẹ́ pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpẹtà kì í tètè jẹ wáyà bàbà tó wà nínú ilẹ̀. Láìnì káàdì yìí kan náà ló gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ àti ibùdó ìpè lọ́wọ́ àrá àti lọ́wọ́ iná NEPA tó bá já lé wáyà tẹlifóònù. Òun ló ń fi iná tó lágbára ju ti ìṣáájú lọ ránṣẹ́ kí aago lè dún. Òun ló ń ṣọ́ ìgbà tí ènìyàn gbé ẹ̀rọ sókè àti ìgbà tó gbé e sílẹ̀, nítorí pé bí a bá gbé e, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn yípo wáyà méjèèjì, bí a bá sì gbé e sílẹ̀, ìṣàn náà dúró.

Iṣẹ́ tó kù ló le jù. Ohùn ènìyàn ń lọ sókè sódò bí omi òkun, àmọ́ ẹ̀rọ ìpè òde òní kò mọ nǹkan mìíràn ju òǹkà lọ. Nítorí náà, láìnì káàdì ń wọn ohùn náà ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ẹyọ òǹkà mẹ́jọ tó jẹ́ òdo tàbí ení. Bí a bá sọ 8,000 di ìlọ́po mẹ́jọ, a ó rí 64,000, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n ìpè tẹlifóònù kan káàkiri àgbáyé láti ìgbà tí ẹ̀rọ onínọ́ńbà ti dé. Lẹ́yìn èyí, ó tún gbọ́dọ̀ ya ohùn tó ń lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó ń bọ̀, nítorí orí wáyà méjì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé. Bí ìyàsọ́tọ̀ náà kò bá gún régé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò máa gbọ́ gbohùngbohùn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń pariwo nínú ihò àpáta. Níkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ lè yẹ wáyà wò bóyá ó ti já tàbí ó ti kanra.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ méjèèje yìí jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń pè é ní BORSCHT. Orúkọ ọbẹ̀ kan ni èyí ní ilẹ̀ Ukraine àti Rọ́ṣíà, àwàdà àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ni.

Ìdí tí páténtì fi pọ̀ lórí sákíìtì láìnì káàdì kò fara sin. Ẹ̀rọ ìpè tó ń sin ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ilé ní láti ní sákíìtì yìí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá rí ọgbọ́n tó dín owó sákíìtì kan kù, kódà kí ó jẹ́ díẹ̀, èrè rẹ̀ ti di ńlá. Èyí ló fà á tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ń jà lórí ibi tí wọ́n fi rẹsísítọ̀ kan sí bí ẹni tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀.

DSC àti Pulsecom

Ilé-iṣẹ́ DSC Communications ti ìlú Plano, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Litespan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ọ̀pọ̀ ìpè láti àdúgbò kan jọ sórí okùn kan ṣoṣo lọ sí ibùdó ìpè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà ra Litespan. Láìnì káàdì ni wọ́n ń tì bọ inú rẹ̀, DSC sì ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Ibi tí èrè wà fún un nìyẹn, bí ẹni tó ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó tún ń ta yíǹkì rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Pulse Communications tí wọ́n ń pè ní Pulsecom, ní ìpínlẹ̀ Virginia, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láìnì káàdì tó lè wọ inú Litespan. Nígbà tí wọ́n bá ti káàdì Pulsecom bọ inú ẹ̀rọ náà, Litespan yóò rò pé ti DSC ni, yóò sì da sọ́fítíwíà DSC sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná, sọ́fítíwíà náà á pòórá. Bí wọ́n bá tàn án padà, ẹ̀dà mìíràn á tún wọlé. DSC gbé Pulsecom lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Virginia. Ó ní Pulsecom ń ran àwọn oníbàárà lọ́wọ́ láti ṣe àdàkọ sọ́fítíwíà òun láìgba àṣẹ, ó sì tún ní wọ́n jí àṣírí iṣẹ́ òun. Pulsecom náà kò káwọ́ gbera. Ó dá ẹjọ́ padà fún DSC pé òun ní páténtì lórí sákíìtì láìnì káàdì, àti pé DSC ti tẹ páténtì náà lójú.

Ẹjọ́ ìdápadà yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1982, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ṣoṣo ní Washington ni a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ páténtì láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bí kì í bá ṣe páténtì Pulsecom, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó Virginia ni ì bá gbọ́ ẹjọ́ sọ́fítíwíà náà. Páténtì kan lórí pátákó kékeré ló wọ́ gbogbo ẹjọ́ lọ síwájú àwọn adájọ́ páténtì.

Ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí DSC parí ẹ̀rí rẹ̀, adájọ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó ra Litespan ló ni ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀, àti pé òfin Amẹ́ríkà gba ẹni tó ni ẹ̀dà láàyè láti ṣe àdàkọ tó bá pọn dandan kí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́. Bí àwọn oníbàárà kò bá ṣẹ̀, a kò lè sọ pé Pulsecom ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣẹ̀. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ yẹ ìwé àdéhùn títà wò, wọ́n rí i pé DSC kọ ọ́ síbẹ̀ pé sọ́fítíwíà ṣì jẹ́ ti òun, àti pé oníbàárà kò gbọdọ̀ lò ó lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti DSC. Wọ́n ní pé ènìyàn sanwó lẹ́ẹ̀kan, tí ohun náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, kò sọ ọ́ di ẹni tó ni ín bí ìwé àdéhùn bá ká a lọ́wọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí apá kan nínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n yí apá kan padà, wọ́n sì dá ẹjọ́ padà sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ka ìdájọ́ yìí nìkan yóò rò pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni òfin wà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999 yẹn kan náà, DSC yìí, tí ilé-iṣẹ́ Alcatel ti ilẹ̀ Faransé ti rà ní 1998, tún wà níwájú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mìíràn ní gúúsù Amẹ́ríkà. DGI Technologies ni alátakò rẹ̀ níbẹ̀, ìjà náà sì dá lórí káàdì tó ń mú kí ẹ̀rọ ìyíni-ìpè lè gba ìpè púpọ̀ sí i. Ìwà DGI kò mọ́ rárá: ó lo pátákó kan tí wọ́n ń pè ní agbófòfò láti fi gba sọ́fítíwíà DSC sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ oníbàárà kan. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ kọ̀ láti fi òfin àdàkọ dá DGI dúró. Wọ́n ní DSC ń fi ẹ̀tọ́ tó ní lórí sọ́fítíwíà gba agbára lórí káàdì tí òun kò ní páténtì kankan lé lórí, àti pé ìlòkulò ẹ̀tọ́ ni èyí.

Ní ojú tiwa, ìdájọ́ kejì yìí ló kan oníṣẹ́ Sango-Ọ̀tà jù. Ohun tí ó sọ ni pé sọ́fítíwíà ní òfin tirẹ̀, sákíìtì ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ dá ẹlòmíràn dúró láti ṣe sákíìtì gbọ́dọ̀ lọ gba páténtì. Ìlànà Amẹ́ríkà ni, kò de adájọ́ wa, àmọ́ lọ́yà lè gbé e sí iwájú rẹ̀ fún ìgbatẹnirò.

Òfin tiwa

Ní ilẹ̀ wa, Òfin Páténtì àti Àwòrán Iṣẹ́ Ọwọ́ ti ọdún 1970, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 December 1971, ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 1925, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ páténtì ní Nàìjíríà ní láti kọ́kọ́ gba páténtì ní ìlú ọba, kí ó tó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí oníṣẹ́ ọwọ́ ará Àwórì ì bá rìn nígbà náà.

Òfin 1970 béèrè ohun mẹ́ta. Ìhùmọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ wá láti inú ọgbọ́n tí kò hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé lò ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ nǹkan tó ti ní páténtì di èyí tó dára jù lè gba páténtì lórí àtúnṣe náà. Ọ̀rọ̀ "tuntun" yìí le ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí ohun tó bá ti hàn sí aráyé níbikíbi lágbàáyé, nígbàkigbà, kì í ṣe tuntun mọ́. Nítorí náà, bí a bá ti tẹ àwòrán sákíìtì kan jáde nínú ìwé páténtì Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, kò sí ẹni tó lè wá gba páténtì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ohun kan náà ní Abuja. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, páténtì tí wọ́n fún ènìyàn ní Amẹ́ríkà nìkan kò ní agbára ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ṣe káàdì náà ní Ọ̀tà tí ó sì tà á ní Ọ̀tà kò tẹ páténtì Amẹ́ríkà lójú; bí ó bá kó o lọ tà ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yóò yí padà.

Ogún ọdún ni páténtì ń gbé láti ọjọ́ tí a fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa san owó ọdọọdún kí ó má bàa kú. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn sákíìtì láìnì káàdì tí wọ́n gba páténtì lé lórí ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 ti bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé. Ìwé wọn wà nílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti àlàyé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè kà á láìsan kọ́bọ̀. Ìṣúra ni èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Covenant University àti Bells University, tí àwọn méjèèjì wà ní Ọ̀tà, àti fún oníṣẹ́ tí kò wọ yunifásítì rí.

Ibì kan wà nínú òfin yìí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìhùmọ̀ jẹ́ tuntun tàbí ó mú ọgbọ́n dání. Bóyá ìwé pé, bóyá owó ti wọlé, bóyá àlàyé àti àwòrán wà níbẹ̀, ìyẹn ló ń wò. Òfin sọ ọ́ kedere pé ewu ẹni tó gba páténtì ni, ìjọba kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi férémù gbé kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì lè wó lulẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí alátakò bá béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e. Ilé ẹjọ́ ni ìdánwò gidi.

Òfin tún dáàbò bo ẹni tó ti ń ṣe nǹkan ṣáájú. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń ṣe káàdì kan ní Nàìjíríà pẹ̀lú ọkàn mímọ́, tàbí tó ti múra gidi láti ṣe é, kí ẹlòmíràn tó fi ìwé páténtì sílẹ̀, ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọjà tí ẹni tó ni páténtì bá sì ti tà ní Nàìjíríà lọ́nà tó bófin mu ti kúrò lábẹ́ agbára rẹ̀ dé ìwọ̀n gíga. Ẹni tó ra káàdì lè tún un tà, oníṣẹ́ sì lè pààrọ̀ ẹ̀yà tó jóná lára rẹ̀. Kí ó jókòó ṣe káàdì tuntun látòkèdélẹ̀ lórí sákíìtì tí páténtì rẹ̀ ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀

Ibi tí a fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà fi sọ́kàn ni abala kejì òfin náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ló ni páténtì rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tuntun, gbogbo ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ni èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ìwé ìgbàsíṣẹ́ òṣìṣẹ́ kò bá sọ pé kí ó máa hùmọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n tí ó lo irinṣẹ́ tàbí ìmọ̀ tí iṣẹ́ fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ láti hùmọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó tó tọ́, yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀. Bákan náà ni bí ìhùmọ̀ náà bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Iye owó oṣù rẹ̀ àti bí ìhùmọ̀ náà ti tó ni wọn yóò wò láti fi mọ iye tó tọ́ sí i. Ìwé àdéhùn kankan kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè pẹjọ́ láti gbà á. Ẹni tí wọ́n gbà láti máa tún ẹ̀rọ ṣe, tí ó wá rí ọ̀nà tí káàdì kò fi ní jóná mọ́, wà lábẹ́ òjìji gbólóhùn yìí gan-an. Ó yẹ kí ó kọ ọjọ́ àti àwòrán ohun tó ṣe sílẹ̀, nítorí ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́.

Kí ó má sì fi àwòrán náà hàn káàkiri kí ó tó fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Ẹni tí òfin mọ̀ sí olùhùmọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀, àyàfi bí a bá fi hàn pé jíjí ló jí i.

Bí ẹjọ́ ṣe ń gòkè

Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ páténtì ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí abala 251 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ṣe là á sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀, ẹni tó bá gbé e lọ síbẹ̀ fi àkókò ṣòfò ni. Fún àwọn ará Ọ̀tà, ẹ̀ka ilé ẹjọ́ náà wà ní Abẹ́òkúta. Adájọ́ lè ní kí onímọ̀ méjì tó mọ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ọrọ̀ ajé jókòó ti òun láti máa gba òun nímọ̀ràn. A rò pé ní ẹjọ́ tó bá dá lórí sákíìtì, kí àwọn lọ́yà máa béèrè fún èyí, nítorí kì í ṣe gbogbo adájọ́ ló kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná. Bí olùpẹ̀jọ́ bá jàre, ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún un, kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tàbí kí wọ́n ṣírò èrè tí wọ́n ti jẹ.

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀ka ti Ìbàdàn ló ń gba ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ ìkẹyìn ni, oṣù mẹ́ta ni òfin fún un láti fi ìwé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ àárín ẹjọ́, bí àṣẹ pé kí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ná, ọjọ́ 14 péré ni. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń kú sí ojú ọjọ́ 14 yìí. Ó kéré tán, adájọ́ mẹ́ta ni yóò jókòó. Wọn kì í pe ẹlẹ́rìí tuntun bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà. Ẹni tí kò bá fi àwòrán sákíìtì rẹ̀ síwájú adájọ́ Abẹ́òkúta kò lè retí pé àwọn ti Ìbàdàn yóò rí i. Pípẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò sì dá ìdájọ́ dúró fúnra rẹ̀, a ní láti tọrọ ìdádúró náà lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Abuja ló kù, níbi tí adájọ́ márùn-ún ó kéré tán yóò ti gbọ́ ọ.

Kókó tí wọ́n sábà máa ń fi gba kòtẹ́milọ́rùn lọ nínú ẹjọ́ páténtì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ní ìparí ìwé páténtì ni olùhùmọ̀ ti máa ń kọ gbólóhùn tó fi pa ààlà ohun tó ní òun ni í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, bí "so mọ́" tàbí "láàárín", lè sọ ẹni tó jàre di ẹni tó jẹ̀bi. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọdún 1996, nínú ẹjọ́ Markman àti Westview, pé adájọ́ ló gbọ́dọ̀ túmọ̀ àwọn gbólóhùn yìí, kì í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú. Níbi tiwa, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ tó bá fẹ́ gba páténtì má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò mọ sákíìtì kọ gbólóhùn yìí fún un.

Ẹjọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò pọ̀ ní ilé ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Ní November 2007, ilé-iṣẹ́ LANCOR, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹgbẹ́ One Laptop Per Child lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Konyin, tí a fi lè tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pẹjọ́. LANCOR ní wọ́n tú ọgbọ́n inú rẹ̀ palẹ̀ láti fi ṣe kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì béèrè fún ogún mílíọ̀nù dọ́là. Ẹgbẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ náà dé etí gbogbo ayé, ó sì jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè mọ̀ pé a lè pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Èkó lórí ohun tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn bí ọjà náà bá ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn kan lè ní tẹlifóònù oníwáyà ti kú ní Nàìjíríà, kí la fẹ́ fi láìnì káàdì ṣe? Òótọ́ ni pé láti August 2001 tí GSM ti dé ni wáyà NITEL ti ń rọ, àti pé ní ọdún 2015 ni ohun ìní NITEL bọ́ sí ọwọ́ NATCOM, tó ń lo orúkọ ntel. Ṣùgbọ́n sákíìtì láìnì káàdì kò lọ síbì kankan. Ó wà nínú gbogbo PABX, ó sì wà nínú àpótí kékeré tí àwọn oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé sílé oníbàárà, níbi tí ihò tẹlifóònù bá ti wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ méje yẹn kan náà ló ń ṣe, àfi pé ẹ̀yà tó kéré ju èékánná lọ ló ń ṣe é báyìí.

Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ ní Ọ̀tà, tí ó sì fẹ́ tà á fún àwọn tó so mọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gbogbogbòò, tún gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àjọ NCC kọjá fún àyẹ̀wò ẹ̀rọ kí ó tó gbé e dé ọjà. Páténtì kò rọ́pò ìwé NCC, ìwé NCC kò sì rọ́pò páténtì. Ọ́fíìsì páténtì wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Abuja, Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn páténtì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní PCT láti 8 May 2005. Ẹni tó bá fi ìwé sílẹ̀ ní Abuja lónìí ní oṣù méjìlá láti fi béèrè fún ẹ̀tọ́ kan náà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, kí ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ sì ṣì jẹ́ tirẹ̀.